Lẹ́ǹsì Onídígí Àtijọ́ Lórí Kámẹ́rà Òde Òní: Ohun Tó Ń Fún Wa, Ohun Tó Ń Gbà Lọ́wọ́ Wa

Àkọsílẹ̀ ètò ti ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, fún ẹ̀yin tó fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ.

Àwọn tó ti ń bá ètò yìí bọ̀ tipẹ́ mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo máa ń sọ̀rọ̀. Èmi ni mo máa ń jókòó ti ẹ̀rọ, tí mò ń gé ohùn, tí mò ń tò ó, tí mò ń ya àwòrán tí ẹ ń rí lókè ojú ìwé yìí. Àmọ́ ìbéèrè kan náà ló ń wọlé láti ìgbà tí mo ti gbé àwòrán bàbá àgbàlagbà kan lórí ẹṣin síbí: "Lẹ́ǹsì wo lẹ fi yà á? Kí sì ni àwọn òrùka tó fọ́n ká sẹ́yìn bàbá yẹn?" Àwọn tí a jọ ń ṣe ètò wá ní kí n bọ́ síwájú kí n dáhùn fúnra mi.

Ìdáhùn kúkúrú rèé. Lẹ́ǹsì onídígí ni, Tamron SP 500mm f/8, tòkunbọ̀ tó ti dàgbà jù mí lọ. Owó tí mo fi rà á kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó lẹ́ǹsì tuntun tó lè fa nǹkan mọ́ra tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn gígùn ni ètò tòní, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti ń wá irú rẹ̀ rà, mi ò sì fẹ́ kí ẹ kọ́gbọ́n lọ́nà tí mo gbà kọ́ ọ.

Kí ló wà nínú rẹ̀?

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ní èdè wa, dígí lè jẹ́ ti ojú fèrèsé, ó sì lè jẹ́ èyí tí a fi ń wo ojú wa. Lónìí, bí mo bá ti pe dígí, èyí tí a fi ń wojú ni mò ń sọ, èyí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá, gíláàsì ni màá máa pè é.

Lẹ́ǹsì tí gbogbo wa mọ̀, gíláàsì ló kún inú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ á gba iwájú wọlé, gíláàsì á máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pàdé ara rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀. Bí ohun tí ẹ fẹ́ fà mọ́ra bá ṣe jìnnà sí, bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ǹsì á ṣe máa gùn sí i, tí á sì máa wúwo sí i. Èyí tí ẹ máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ayàwòrán etí pápá bọ́ọ̀lù, 500mm f/4, tó nǹkan bíi kìlógíráàmù mẹ́ta.

Lẹ́ǹsì onídígí gba ọ̀nà mìíràn. Ìmọ́lẹ̀ wọlé níwájú, ó gba inú gíláàsì kọjá, ó lọ bá dígí ńlá kan ní ìsàlẹ̀. Dígí yìí tẹ̀ bí inú àwo, ihò sì wà láàárín rẹ̀. Ó dá ìmọ́lẹ̀ padà síwájú. Dígí kékeré kan wà ní àárín iwájú lẹ́ǹsì níbẹ̀, òun náà tún dá a padà sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ wá gba ihò àárín dígí ńlá bọ́ sínú kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìmọ́lẹ̀ rin gígùn lẹ́ǹsì kan ṣoṣo. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ká aṣọ tó gùn sí mẹ́ta kó lè wọ inú àpò kékeré. Ìdí nìyẹn tí tèmi kò fi gùn ju agolo mílíìkì ńlá lọ, tí kò sì wúwo tó kílò kan.

Èrè kejì wà níbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú gíláàsì, àwọ̀ inú rẹ̀ máa ń fẹ́ ya ara wọn bíi ti òṣùmàrè. Ẹ ti lè rí i rí nínú àwòrán lẹ́ǹsì gígùn tí kò wọ́n: ìlà àwọ̀ àlùkò tàbí àwọ̀ ewé á yọ létí ohun funfun. Dígí kì í ya àwọ̀. Bó ṣe ń dá pupa padà náà ló ń dá búlúù padà. Nítorí náà, àwòrán lẹ́ǹsì yìí máa ń bọ́ lọ́wọ́ ìlà bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti darúgbó.

Ibo ló ti wá?

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wo ìràwọ̀ ni ọgbọ́n yìí ti wá. Láti 1672 ni wọ́n ti ròyìn ní ilẹ̀ Faransé nípa awò awọ̀nàjíjìn oní dígí méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ní ihò láàárín. Orúkọ Cassegrain ni wọ́n so mọ́ ọn títí dòní. Ní 1941, ọmọ ilẹ̀ Soviet kan, Dmitri Maksutov, ronú kan gíláàsì tó tẹ̀ kọrọdọ tí wọ́n lè fi síwájú dígí láti tún àṣìṣe rẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn ogun, wọ́n fi ọgbọ́n rẹ̀ ṣe lẹ́ǹsì kámẹ́rà tí wọ́n pè ní MTO, ó sì gba ẹ̀bùn ńlá níbi ìpàtẹ àgbáyé ní Brussels ní 1958.

Lẹ́yìn náà ni Nikon, Canon, Minolta, Tamron àti Tokina ṣe tiwọn. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù ni 500mm f/8. Ọwọ́ ni ẹ máa fi yí fókọ́ọ̀sì gbogbo wọn, àfi ti Minolta kan tó ń dá a ṣe fúnra rẹ̀. Nígbà tí lẹ́ǹsì onígíláàsì wá ń dára sí i, tí fókọ́ọ̀sì wọn sì ń yára, àwọn ènìyàn pa àwọn onídígí tì. Bí wọ́n ṣe di ẹrù tòkunbọ̀ nìyẹn.

Báwo ló ṣe ń wọ kámẹ́rà òde òní?

Kámẹ́rà ìgbà fíìmù ní dígí kan nínú tó máa ń fò sókè bí a bá tẹ̀ ẹ́. Dígí yẹn nílò àyè. Nítorí ìdí èyí, lórí Nikon àtijọ́, láti ojú ibi tí lẹ́ǹsì ti ń dè mọ́ kámẹ́rà dé ojú fíìmù jẹ́ 46.5mm. Kámẹ́rà mi, Sony a6000, kò ní dígí yẹn rárá, nítorí náà 18mm péré ni tirẹ̀. Ẹ yọ 18 kúrò nínú 46.5, ó ku 28.5. Adáptà kò ju òrùka irin tó ga tó 28.5mm yẹn lọ, tí ẹnu rẹ̀ kan bá Nikon mu, tí èkejì bá Sony mu. Kò sí gíláàsì kankan nínú rẹ̀, kò sì yẹ kó wọ́n.

Ti Tamron tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé wọ́n ṣe ẹ̀yìn rẹ̀ kó ṣeé yọ, kó ṣeé pààrọ̀. Adaptall-2 ni wọ́n pè é. Tèmi wá pẹ̀lú ẹ̀yìn ti Nikon, mo sì kàn fi adáptà lé e.

Bí ẹ bá ti dè é mọ́ ọn, kámẹ́rà á máa ṣe bí ẹni pé kò sí lẹ́ǹsì lẹ́nu òun. Àwọn kan kò ní gbà kí ẹ ya àwòrán rárá. Ẹ wọ inú àkójọ ètò kámẹ́rà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Release w/o Lens" tàbí "Shoot without lens" sí, kí ẹ gbà á láyè. Lẹ́yìn náà, ẹ tan "Focus Peaking", èyí tó máa ń fi àwọ̀ kun etí ohun tó bá mọ́ kedere. Ẹ tún kọ́ bí ẹ ṣe lè mú àárín àwòrán tóbi kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí pé peaking nìkan máa ń purọ́ lórí lẹ́ǹsì yìí. Bí kámẹ́rà yín bá jẹ́ èyí tó ń gbógun ti ìgbọ̀n fúnra rẹ̀, ẹ fọwọ́ kọ 500 sí ibi tó ti ń béèrè gígùn lẹ́ǹsì. Bí ẹ kò bá sọ fún un, kò lè mọ̀.

Ohun kan tún kù. Sẹ́ńsọ̀ kámẹ́rà mi kéré ju ojú fíìmù 35mm lọ, nítorí náà ohun tí 500mm ń fi hàn mí dà bí ti 750mm. Ó dára fún ẹyẹ, ó dára fún òṣùpá, ṣùgbọ́n ìgbọ̀n ọwọ́ náà ń pọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àṣìṣe mi àkọ́kọ́

Ọjọ́ tí mo gbé e délé, mo gbé e sórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń pè ní tripod lẹ́yìnkùlé wa, mo dojú rẹ̀ kọ táǹkì omi aládùúgbò wa. Gbogbo àwòrán náà ló rí bí ẹni tó ń wo nǹkan láti inú omi. Mo yí i síwájú, mo yí i sẹ́yìn. Mo ti ń múra ọ̀rọ̀ tí màá lọ sọ fún ẹni tó tà á fún mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo tó ṣàkíyèsí pé ẹnu ẹ̀yìn lẹ́ǹsì náà ní ojú ìdè kékeré kan tó ṣófo. Nínú ọ̀pọ̀ lẹ́ǹsì onídígí, fíltà kékeré kan wà lẹ́yìn tó jẹ́ ara ìṣirò lẹ́ǹsì náà. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ kò bá fẹ́ lo èyí tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ẹ gbọ́dọ̀ fi gíláàsì lásán síbẹ̀. Ti Tamron mi jẹ́ 30.5mm. Ẹni tó lò ó kẹ́yìn ti yọ ọ́, kò dá a padà.

Mo wá òmíràn rà, nǹkan dára sí i, ṣùgbọ́n kò dára tó bí mo ṣe retí. Ìdajì ẹ̀bi yòókù, tèmi ni. Ìka mi tí mo fi ń tẹ kámẹ́rà ló ń mi lẹ́ǹsì. Nígbà tí mo jẹ́ kó máa ka ìṣẹ́jú àáyá méjì kó tó yà á, orúkọ tó wà lára táǹkì yọ kedere. Ẹ má tíì dá lẹ́ǹsì yìí lẹ́bi kí ẹ tó mú ìgbọ̀n kúrò.

Ohun mẹ́ta tó ń gbà lọ́wọ́ wa

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Lẹ́ǹsì onígíláàsì ní ojú tó ń là, tó ń pa dé. Ti onídígí kì í là, kì í pa dé. f/8 ni, f/8 náà ni. Ẹ fi 8 pín 500, ẹ máa rí 62.5mm, ìyẹn fífẹ̀ ojú tí ìmọ́lẹ̀ yẹ kó gbà. Àmọ́ ẹ rántí pé dígí kékeré dúró sí àárín ojú náà. Bí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún fífẹ̀ ojú lẹ́ǹsì, ó ti dí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó ń wọlé gan-an kéré ju f/8 tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ.

Kí ni èyí túmọ̀ sí lóko iṣẹ́? Lábẹ́ oòrùn gangan, ní ISO 100 àti f/8, ìṣirò àwọn àgbà ayàwòrán máa ń fún wa ní nǹkan bí 1/400. Kò tó. Òfin tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí iyára ṣọ́tà má dín sí gígùn lẹ́ǹsì, tèmi sì ń ṣe bíi 750mm, nítorí náà 1/1000 ni mo máa ń ka sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní láti gbé ISO dé 400 tàbí 500 lọ́sàn-án gangan. Bí oòrùn bá wọ ìkùukùu, ó di 1600. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé e sínú àpò.

Ìkejì ni dídán àwòrán. Ìmọ́lẹ̀ tó ń lù káàkiri nínú lẹ́ǹsì yìí máa ń bo ohun dúdú, tí yóò di eérú, bí ẹni pé èéfín kọjá níwájú yín. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ ya á ní RAW, kí ẹ fa dúdú rẹ̀ sísàlẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìbòrí gígùn síwájú lẹ́ǹsì, kódà bó jẹ́ páálí dúdú ni ẹ ká, kí oòrùn má baà ta sí gíláàsì láti ẹ̀gbẹ́.

Ìkẹta ni òrùka tí ẹ ń béèrè. Ìmọ́lẹ̀ kékeré èyíkéyìí tí kò bá sí nínú fókọ́ọ̀sì máa ń mú ìrísí ojú tó gbà wọlé. Bí ojú lẹ́ǹsì bá rí roboto, yóò di roboto. Ojú lẹ́ǹsì yìí ní dídí láàárín, nítorí náà ó di òrùka. Ìtànṣán lórí omi, àyè tó wà láàárín ewé, ẹ̀gbà ọrùn tó ń dán, gbogbo wọn á di òrùka. Ẹ̀ka igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́yìn á di méjì, bí ẹni tí ojú ń ṣe. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó ń yọ ọ́ dáadáa. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ yan ẹ̀yìn: ògiri, ojú ọ̀run, pápá tó jìnnà. Ohun tó bá ń dán, ẹ yà kúrò níbẹ̀.

Ojúde Ọba, àti ọjọ́ tí kì í padà wá

Ẹ jẹ́ n sọ bí gbogbo èyí ṣe pàdé lọ́jọ́ kan.

Ẹ mọ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, tí àwọn régbérégbé ń yọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí àwọn ìdílé Balógun ń gun ẹṣin wá kí Ọba. Ìdílé kan ní kí n ya bàbá wọn lórí ẹṣin. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àbíkẹ́yìn wọn obìnrin ló pè mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, orúnkún Bàbá kò dáa mọ́. A ò mọ̀ bóyá wọ́n á tún gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ṣáà bá wa rí i pé ojú wọn hàn." Mo gbà. Mo gba owó ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò sì sọ fún un pé lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ kan ni mo gbójú lé.

Mi ò ní ìwé tó lè mú mi dé iwájú. Ẹ̀yìn ọgbà ìdènà ni mo dúró sí, ó tó ogójì mítà sí ibi tí àwọn ẹlẹ́ṣin ń gbà. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni 500mm ti máa ṣiṣẹ́.

Ìdílé àkọ́kọ́ yọ. Mo ń fi ọwọ́ òsì yí fókọ́ọ̀sì bí ẹṣin ṣe ń bọ̀. Ẹ wo ìṣirò yìí: lórí sẹ́ńsọ̀ bíi tèmi, bí ohun tí ẹ ń yà bá wà ní mítà mẹ́wàá, ohun tó máa mọ́ kedere kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 13 lọ, kò tó rúlà ọmọ ilé ìwé. Ní ogójì mítà, ó fẹ̀ díẹ̀, ó tó mítà méjì. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó ń jó kì í pẹ́ kó tó jáde nínú mítà méjì. Mo ya àwòrán tó lé ní ọgọ́ta. Nígbà tí mo wò wọ́n lójú kámẹ́rà, etí ẹṣin mọ́, ìrù ẹṣin mọ́, agboòrùn ẹni ẹ̀yìn mọ́. Ojú ẹni tó gun ẹṣin kò mọ́ nínú ẹyọ kan. Aṣọ òkè tó ń dán, ẹ̀gbà, ìyùn, ojú fóònù tí àwọn ènìyàn gbé sókè, gbogbo rẹ̀ di òrùka lẹ́yìn wọn.

Òógùn bò mí. Ìdílé tó bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ ló máa tẹ̀ lé méjì sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣíwọ́ lílé ẹṣin kiri. Mo wo ilẹ̀, mo rí ibi kan tí wọ́n ti lẹ ọ̀dà mọ́ ojú ọ̀nà, tí gbogbo ẹlẹ́ṣin ń gbà kọjá. Mo sún fókọ́ọ̀sì lé ọ̀dà náà, mo mú un tóbi lójú kámẹ́rà títí mo fi rí yẹ́rẹyẹ̀rẹ tó wà létí rẹ̀. Mo wá fà á sẹ́yìn díẹ̀ kan, torí pé ẹni tó wà lórí ẹṣin máa ń wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀. Mo fi téèpù lẹ òrùka fókọ́ọ̀sì pa kí ọwọ́ mi má baà sún un. ISO 500, 1/1600. Mo jókòó lórí àpótí, mo gbé lẹ́ǹsì lé ọ̀pá ìdènà. Mo dúró.

Bàbá yọ. Ẹṣin rẹ̀ kì í fò; ẹnì kan di ìjánu rẹ̀ mú, ó ń rìn wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ iwájú fẹ́ kan ọ̀dà, mo tẹ kámẹ́rà mọ́lẹ̀, mi ò sì ṣí ọwọ́ títí ó fi kọjá. Kámẹ́rà yẹn máa ń ya mọ́kànlá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Mẹ́ta péré ló mọ́ kedere nínú gbogbo rẹ̀. Nínú ọ̀kan, Bàbá gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ojú rẹ̀ sì wà lára ẹnì kan nínú èrò tó ń pe orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n yí ẹṣin gba ẹ̀gbẹ́ wa, Bàbá sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bíi mítà márùn-ún sí mi, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ kan nu ojú. Ohun tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn, lẹ́ǹsì ẹnu kámẹ́rà mi kò sì lè fi hàn ju ojú rẹ̀ lọ. Fóònù ni mo fi yà á. Kí n tó yọ ọ́ lápò, ìdajì rẹ̀ ti kọjá.

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ fún wọn, mo sì sọ òótọ́ nípa lẹ́ǹsì náà kí wọ́n tó san èyí tó kù. Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò bínú, àmọ́ ó béèrè bóyá mo lè yọ òrùka ẹ̀yìn kúrò. Bàbá gba àwòrán náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó ní, "Ojú mi ni mo ní kí wọ́n yà, òun náà rèé." Wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, ó wà ní pálọ̀ wọn báyìí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, orúnkún kò gbà fún Bàbá. Àkọ́bí rẹ̀ ló gun ẹṣin.

Mo máa ń ronú nípa àwòrán mẹ́ta yẹn. Bí ẹni tó di ìjánu bá ti fa ẹṣin gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀dà kọjá ni, kò ní sí ẹyọ kan.

Kí ẹ tó san owó lọ́jà

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ ra tiyín, ẹ gbé kámẹ́rà àti adáptà yín dání lọ sọ́jà. Ẹ tan iná fóònù sínú lẹ́ǹsì láti iwájú, lẹ́yìn náà láti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn, fọ́ńgọ́ọ̀sì ni. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wa máa ń bọ́ ọ. Bí ojú dígí bá ń ṣí tàbí ó ní àbàwọ́n bíi ti dígí bálùwẹ̀ àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀. A lè nu gíláàsì. Ẹni tó bá nu dígí inú lẹ́ǹsì lọ́nà àìtọ́, bíbọ́ ni yóò bọ́ ọ. Eruku díẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Ẹ mì í jẹ́jẹ́ létí, kí ẹ gbọ́ bóyá nǹkan ń lù nínú. Ẹ béèrè fíltà ẹ̀yìn.

Bí òrùka fókọ́ọ̀sì bá kọjá àmì ibi tó jìnnà jù lọ, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Wọ́n mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí pé ooru máa ń mú ohun inú rẹ̀ wú. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé ẹ kò lè yí i dé òpin kí ẹ sọ pé òṣùpá ti wà nínú fókọ́ọ̀sì. Ojú yín ló máa sọ.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ má ṣe dojú lẹ́ǹsì yìí kọ oòrùn láé. Dígí tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ náà ló ń kó ooru jọ. Ó lè jó ṣọ́tà, ó lè jó sẹ́ńsọ̀, bó bá sì jẹ́ kámẹ́rà tí ẹ ń yọjú gba inú rẹ̀ ní tààràtà, ojú ni. Ẹ dé e bí ẹ bá gbé e kalẹ̀ níta.

Nílé, ẹ fi í sínú ike tó dé dáadáa pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa omi mu, irú èyí tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.

Kí wá ni ó dára fún?

Ó dára fún ohun tó ń padà wá. Òṣùpá ń padà wá. Lórí 500mm, òṣùpá máa ń gba nǹkan bíi 4.5mm lórí sẹ́ńsọ̀, ó lé ní ìdá mẹ́rin gíga àwòrán lórí kámẹ́rà bíi tèmi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì tó fún f/8: ISO 200, 1/400, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Lékeléke ń padà wá. Igi kan náà ni wọ́n ń sùn sí lálaalẹ́ nítòsí ọ̀dọ̀ wa, mo sì mọ ẹ̀ka tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bà lé. Bí mo bá pàdánù wọn lónìí, ọ̀la wà. Lékeléke tiẹ̀ ń kọ́ mi ní ìmọ́lẹ̀: funfun rẹ̀ máa ń tètè jó lójú àwòrán, nítorí náà mo máa ń dín in kù díẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ lè hàn. Àárọ̀ ló dára jù. Tó bá di ọ̀sán, ooru tó ń gbọ̀n lókè páànù àti ọ̀dà títì máa ń jó nínú àwòrán, kò sì sí lẹ́ǹsì, tuntun tàbí àtijọ́, tó lè wo ìyẹn sàn.

Àmọ́ ohun tí kì í padà wá, ẹ má fi lẹ́ǹsì yìí nìkan dúró dè é. Ìgbéyàwó, ìkómọjáde, bàbá ẹni lórí ẹṣin. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo máa ń yá lẹ́ǹsì onígíláàsì báyìí, mo sì máa ń ka owó yíyá mọ́ owó iṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Kámẹ́rà kejì máa ń wà lọ́rùn mi pẹ̀lú lẹ́ǹsì kúkúrú. Onídígí ń tẹ̀ lé mi lọ náà, nínú àpò. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó kọ́ mi láti dúró síbì kan kí n jẹ́ kí nǹkan wá bá mi. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tèmi ni; kò yẹ kó jẹ́ ìdílé ẹlòmíràn ló máa san owó ilé ẹ̀kọ́ náà.

Ibi tí a máa dúró sí nìyí. Bí ẹ bá ní lẹ́ǹsì àtijọ́ tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín fi sílẹ̀, ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ ní fọ́tò kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, màá sọ adáptà tó máa bá a mu fún yín. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá padà sẹ́yìn ẹ̀rọ níbi tí mo ti wá.